Ṣé Omi Ló Dànù Ni?

Ọ̀rọ̀ ewì ni mo tún gbé dé, ṣùgbọ́n ewì ti oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń ki olówó, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń bú òṣèlú. Ewì òbí tí ọmọ rẹ̀ kú ni. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá gbà á lè ṣí ojú ìwé, kó lọ ka ìtàn àròsọ tó wà níwájú. N kò ní bínú.

Ìyànà Ìyẹsí ni mo ń gbé, ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé títì yẹn kì í sùn. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù iléeṣẹ́, kóróòpe tó ń pe "Sángo, Sángo," ọlọ́kadà, oní-márúwá, àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù alẹ́ tó ń bọ̀ bí àwọn ti àárọ̀ ṣe ń lọ. Bó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, èrò ṣọ́ọ̀ṣì á dí ọ̀nà pa láti òwúrọ̀. Láàárín ariwo yìí ni obìnrin kan ti ń ta bisikíìtì, mílíìkì àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra búrẹ́dì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fa èsésáìsì kan yọ lábẹ́ káńtà, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ẹ máa ń kọ̀wé nípa ewì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ẹ má pọ́n mi lé o. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí n fi owó rẹ̀ ran àwọn tó bá mi tọ́jú ọmọ mi lọ́wọ́."

Mo gba ìwé náà. Ewì 23 ló wà nínú rẹ̀, bírò búlúù ló fi kọ ọ́, ó sì fa ìlà sí abẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé.

Kí n tó lọ síwájú, mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Mẹ́ta ni obìnrin yìí bí, ó ku méjì. Nígbà tí àkọ́bí wà láyé, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá: Màmá Lágbájá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ náà kú, orúkọ yẹn pòórá lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. A kàn bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ọmọ tó tẹ̀ lé e pè é ni, a sì rò pé àánú là ń ṣe. Èmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí èsésáìsì rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ní ojú ìwé kìíní ni orúkọ òǹkọ̀wé. Kò kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò kọ ti ọkọ. Ó kọ Màmá Lágbájá, bí a ti ń pè é tẹ́lẹ̀ gan-an. N kò tíì ka ewì kan tí mo ti mọ ohun tó ń wá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òkú ọmọdé kò ní ewì. Òkú àgbà ló ni rárà, òun ló ni aṣọ ẹbí àti ìlù. Bí ọmọ bá kú, wéré ni a ń ṣe é, a kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí a sin ín sí. Àwọn àgbà á wá jókòó ti òbí, wọn á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá ṣì wà, yóò tún pọn omíràn. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láyé ìgbà tí ibà àti ìgbóná ń kó ọmọ lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìyá tí kò bá tètè gbójú sókè lè bá ọmọ lọ. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó bí a ti ń wo ewì, nítorí ewì ni òwe náà. Ta ni omi inú rẹ̀? Ọmọ ni. Omi kò lórúkọ, kò lójú, omi garawa kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìyá ni wọ́n rí. Ọmọ ti ṣàn lọ.

Mo mọ òwe yìí dáadáa. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi àti ìyàwó mi ní 1991. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni tiwa, obìnrin. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì ló gbé e lọ, wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí, èmi náà ò sì bi wọ́n. Láti ìgbà yẹn mo ti kọ̀wé lórí ewì àwọn ẹlòmíì fún bí ọgbọ̀n ọdún ó lé, n kò kọ ìlà kan lórí ọmọ yẹn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú adájọ́ tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kò ní ewì òbí tó ń ṣọ̀fọ̀, kò rò ó jinlẹ̀. Orúkọ àbíkú ńkọ́? Málọmọ́. Dúrójayé. Bánjókòó. Rótìmí. Kásìmáawò. Kòsọ́kọ́, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún. Kò sí èyí tó ju gbólóhùn kan lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí wọn: ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, ìbínú wà, àrékérekè wà, àárẹ̀ wà. Ohun tó máa ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọmọ tó wà láàyè ni a fi ń pè. Ẹni tí ewì náà ń dárò ti lọ. Orí ọmọ tuntun ni a gbé ọ̀fọ̀ ọmọ àná kà, yóò sì máa rù ú kiri títí yóò fi dàgbà, bí Kòsọ́kọ́ ti rù ú dé orí ìtẹ́ Èkó ní 1845. Ewì gidi ni mo kà wọ́n sí. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kò sí èyí tó dárúkọ ẹni tó kú.

Àwọn akéwì wa tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé gba ojú ọ̀nà kan náà. Wole Soyinka àti J. P. Clark, tó kú ní 2020, kọ ewì kọ̀ọ̀kan tí àwọn méjèèjì pe àkọlé rẹ̀ ní Abiku, àwa tíṣà sì ti fi wọ́n wéra ní kíláàsì títí chọ́ọ̀kì fi tán. Nínú ti Soyinka, ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àti oògùn ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ti Clark, ará ilé ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé, kó jókòó. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n èrò ni ọmọ inú wọn, kì í ṣe ọmọ. Ẹni tó bá ń wá ọmọ gan-an, kó ṣí Aké, ìwé Soyinka tó jáde ní 1981, kó wá ibi tó ti sọ ti àbúrò rẹ̀ Fọláṣadé, tó kú lọ́jọ́ tó pé ọdún kan. Ibẹ̀ kò pọ̀ rárá, ó sì wúwo ju ewì lọ. (Lóde òní ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà ti jẹ́ ká mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn tí a kọ ní ilà tí a pè ní àbíkú jẹ́ ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ síkùlì, wọ́n fojú bù ú pé bí 150,000 ọmọ ló ń gbé e wáyé ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí obìnrin yìí bá ń to ọjà, orin kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láti Sángo dé Ìdírókò ló mọ̀ ọ́n: It Is Well with My Soul. Ó mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ṣọ̀fọ̀ ọmọ, pásítọ̀ ti sọ ọ́. Òun ló sì fún un nígboyà pé kò sí ohun tó burú bí òbí bá fi ẹkún rẹ̀ kọ nǹkan tí aráyé lè lò.

Ìtàn náà kò ṣeé gbọ́ tán. Lọ́yà ni Horatio Spafford ní ìlú Chicago. Iná ńlá tó jó ìlú náà ní 1871 ba ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní November 1873, ó ní kí ìyàwó rẹ̀, Anna, àti àwọn ọmọbìnrin wọn mẹ́rin máa wọ ọkọ̀ ojú omi Ville du Havre lọ sí Yúróòpù, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ọkọ̀ mìíràn kọlù ú láàárín òkun, kò sì pẹ́ rárá kó tó rì. Èèyàn 226 ló bá a lọ. Anna yè. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Tẹligíráàmù tó fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun nìkan ló yè. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí Spafford ń wọkọ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀, tí ọkọ̀ náà dé àgbègbè ibi tí ti àkọ́kọ́ rì sí, ibẹ̀ ló ti kọ orin yìí. Philip Bliss ló fi ohùn sí i, ó sì jáde ní 1876.

Mo sọ fún obìnrin náà gbangba pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ewì, orin yẹn ń bà mí nínú jẹ́ fún ìdí mìíràn. Kò sí ọmọ kan nínú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Omi òkun wà, ọkàn wà, ẹ̀ṣẹ̀ wà, ìdáríjì wà, ọjọ́ ìkẹyìn wà. Annie kò sí. Maggie kò sí, Bessie kò sí, Tanetta kò sí. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ lè kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ogójì ọdún kó má mọ̀ pé bàbá ọlọ́mọ ló kọ ọ́. Ó lè rò pé oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ jóná ni. Ọkùnrin náà gbé ẹkún rẹ̀ ga títí ẹkún fi kúrò níbẹ̀. Ó ṣe é fún Ọlọ́run, n kò sì lè bá a jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n bí alárìíwísí, mo ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àwọn ọmọ.

Obìnrin náà ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Ẹ gba ṣéńjì yín, Tíṣà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Spafford lẹ́yìn orin náà kò wọ́pọ̀ lẹ́nu pásítọ̀, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n tún sin ọmọkùnrin kan ní 1880. Ní 1881 wọ́n kó lọ sí Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n ń ran aláìní àti aláìsàn lọ́wọ́, Júù ni o, Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o. Bertha, ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ló dá ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1925, tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é. Ilé náà ṣì ń tọ́jú ọmọ ní inú ìlú àtijọ́ Jerúsálẹ́mù lábẹ́ orúkọ Spafford. N kò sọ pé owó orin ló kọ́ ọ. Mo ní inú ìdílé kan náà ni orin àti ilé ọmọ ti jáde.

Àwọn kan wà tí wọn ò gbé ẹkún ga. Ní 1580, akéwì ilẹ̀ Poland kan tó ń jẹ́ Jan Kochanowski tẹ ewì 19 jáde fún Urszula, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láyé ìgbà yẹn, ọba àti àwọn èèyàn ńlá ni irú ewì ìdárò bẹ́ẹ̀ wà fún; ó gbé e lé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yékéyéké. Aṣọ ọmọ náà ni ọ̀kan nínú wọn ń sọ, èyí tí kò ní ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ mọ́. Bàbá yẹn bínú, ó bá ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n jà, ó ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ òun nípa ìfaradà, òfo ni. Ní Jámánì, Friedrich Rückert pàdánù méjì, Luise àti Ernst, nínú àìsàn kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín 1833 sí 1834 ó kọ ewì tó ju 400 lọ, kò sì tẹ̀ wọ́n jáde títí òun fúnra rẹ̀ fi kú. Ọdún 1872 ni wọ́n tó jáde. Olórin Mahler mú márùn-ún péré nínú wọn. Ó ṣe dáadáa. Ewì 400 kì í ṣe ìwé. Bí ọkùnrin náà ṣe ń mí nìyẹn.

Ó wá ku ìbéèrè owó. Èyí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ibi tí owó ìwé obìnrin yìí ń lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí wọn ò rán mi níṣẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá oògùn ìwòsàn ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní họ́sípíìsì, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé ilé tí wọ́n ti ń dúró de ikú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cicely Saunders, nọ́ọ̀sì tó padà di dókítà, ṣí St Christopher's ní London ní 1967, iṣẹ́ tó sì gbé lé orí ni kí ìrora má jọba lórí aláìsàn. Ti ọmọdé dé lẹ́yìn náà: Helen House ní Oxford, 1982. Sister Frances Dominica ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti bá òbí ọmọ kan tó ń ṣàìsàn tó le ṣọ̀rẹ́, tó sì rí i pé àwọn òbí náà ò sùn, wọn ò sinmi. Ní Áfíríkà níhìn-ín, Harare ló ṣáájú, ní 1979, ìyá kan tí jẹjẹrẹ pa ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ Island Hospice. Ẹ ò rí i pé òbí tó ṣọ̀fọ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, bẹ̀rẹ̀ ti Uganda ní 1993, ó sì fi hàn pé mọ́fíìnì olómi tí a ń mu lẹ́nu, tí kò wọ́n, lè mú ìrora rọlẹ̀ fún tálákà lórí ẹní rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ti UCH àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi irú ìtọ́jú yìí kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dọ̀ wa, ilé tó jẹ́ ti ọmọdé nìkan ṣọ̀wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ni, ìgò oògùn ni, owó ọkọ̀ ni, ẹni tó máa jókòó ti ọmọ kí ìyá lè rí oorun wákàtí mẹ́ta sùn ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ará ìlú ń dá ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé ìtọ́jú ọmọdé wọ̀nyí ró ju ti ìjọba lọ. Òbí ń sáré, òbí ń ta àkàrà òyìnbó, òbí ń ko ewì jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ. Ta ni yóò ṣe àríwísí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ní ewì náà kò dára, á dà bí ẹni tó ń tutọ́ sí ojú òkú. Ìdí nìyí tí a fi ń rà á, tí a kì í kà á. A san owó, a gbé e sórí pẹpẹ, a ní "ẹ kú àdánù". Lójú tèmi, ìwà àìbọ̀wọ̀ nìyẹn. Obìnrin yìí ti sọ pé kí n má pọ́n òun lé. Mo gba ìwé rẹ̀ lọ sílé, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo mú bírò pupa.

Mọ́kànlá nínú ewì 23 náà jẹ́ ti áńgẹ́lì. Òdòdó kan já, Ọlọ́run fi ṣe ọgbà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́; ìràwọ̀ kan ń tàn; ìyẹ́ funfun ń fò. Mo ti ka irú rẹ̀ lórí pósítà ìsìnkú ní gbogbo ògiri Ọ̀tà. N kò rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, mo rí ọmọ gbogbo ayé. Mẹ́fà jẹ́ ọpẹ́ fún dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n, kì í ṣe ewì. Ọ̀kan wà lórí bàtà sáńdà ọmọ náà tí àbúrò rẹ̀ ń wọ̀ báyìí, èyí tó yẹ kó dúró. Ọ̀kan wà níbi tó ti ń bínú sí àwa ará àdúgbò nítorí orúkọ tí a pa rẹ́. Mo ka ìyẹn, ojú tì mí.

Ìgbà tí mo dé ojú ìwé 30, mo jókòó. Àkọlé rẹ̀ ni "Títì Ìdírókò". Ẹ jẹ́ kí n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn yín, ó ti fún mi láyè:

Ọkọ̀ kìíní, sìmẹ́ǹtì ló rù.
Ọkọ̀ kejì ò ru nǹkan kan.
Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa kà á lọ."
Ọkọ̀ kẹta ò tètè dé.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bí ọmọ bá gbé oògùn mì, yóò tó bí ìlàjì wákàtí kó tó ràn án lọ́wọ́. Ìlàjì wákàtí yẹn ni ewì náà. Ó gbé ọmọ sójú fèrèsé, wọ́n ń ka ọkọ̀ àjàgbé. Kò sí ọ̀rọ̀ "ìrora" níbì kankan nínú rẹ̀, kò sí "àìsàn", kò sí "ikú". Ohun tó mú mi níyà nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ kẹta tí kò tètè dé. Gbogbo wa ní Ìyànà Ìyẹsí ló máa ń bú ọkọ̀ àjàgbé, pé wọ́n pọ̀ jù, pé wọ́n ba títì jẹ́. Ẹnì kan wà láàárín wa tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òmíràn yọ. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á, mi ò lè gbọ́ ìró táyà wọn lóru bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ewì náà dé orí ọkọ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, ó yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n ó tún fi ìlà mẹ́rin kún un, níbi tí ọkọ̀ ìkẹyìn ti jẹ́ ti ọ̀run, tí áńgẹ́lì ń wà á. Bírò pupa bọ́ sílẹ̀ lórí ìyẹn. Ọmọ náà kò kú lọ́jọ́ tí wọ́n ka ọkọ̀. Mo bi í, ó ní oògùn ràn án, ó sùn, ó sì tún lo oṣù méjì láyé. Èé ṣe tí ó wá fi pa á nínú ewì ṣáájú àkókò?

A jà, ẹ̀yin ará mi. Jẹ́jẹ́ ni, níwájú àwọn tó ń ra súgà, ṣùgbọ́n ìjà ni. Mo ní kó yọ mẹ́tàdínlógún kúrò, kó tẹ mẹ́fà tó kù. Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ń wá ewì. Èmi ń wá owó oògùn ọmọ ọlọ́mọ. Ti áńgẹ́lì tí ẹ ń fi bírò pa yẹn, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní àwọn máa ra ogójì nítorí rẹ̀. Ta ló máa ra ọkọ̀ àjàgbé?"

Mo ní èmi máa ra á.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá padà sí ọ̀rọ̀ tí mo ti gbàgbé pé mo sọ. Ó ní, "Ẹ tún ní kò sí ọmọ kankan nínú orin tí mo máa ń kọ. Òótọ́ lẹ sọ, mo lọ wò ó. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi rí àyè gbé ọmọ tèmi sí. Bí ó bá ti dárúkọ àwọn tirẹ̀ síbẹ̀ ni, tirẹ̀ ni mi ò bá máa sunkún."

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti ṣe àríwísí láti ìgbà tí orí mi ṣì dúdú, kò sẹ́ni tó já mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò ó délé. Mo ṣì gbà pé "Títì Ìdírókò" ga ju orin Spafford lọ bí ewì, nítorí kò sí ẹlòmíì tó lè kọ ọ́ bí kò ṣe ẹni tó dúró lójú fèrèsé yẹn. Ṣùgbọ́n n kò tún lè sọ mọ́ pé àyè òfìfo inú orin náà jẹ́ àṣìṣe. Àwọn kan ń fi ewì wọn fi ọmọ hàn wá. Àwọn kan fi ti wọn ṣe àga, pé kí ẹni tó bá gbé ọmọ dání wá jókòó. Ìwé tí yóò ra oògùn lè nílò méjèèjì. Ti òdòdó tó já àti ìyẹ́ funfun ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àga. Aṣọ àga lásán ni, n kò sì ní yí ohùn padà lórí rẹ̀.

Níkẹyìn, ó yọ mẹ́jọ, ó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀. Áńgẹ́lì mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì ṣáájú ìwé. Ó gé ìlà mẹ́rin náà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, kò sì sọ fún mi. Ìgbà tí a rí bébà àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Ṣómólú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó kọ̀ láti yí orúkọ òǹkọ̀wé padà, mo sì dúpẹ́ pé kò yí i. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo dá èsésáìsì rẹ̀ padà, ó bi mí pé, "Tíṣà, ọmọ tiyín tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí, kí lẹ̀ ń pè é?" Ó ti pẹ́ tí orúkọ náà ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn, nílé wa pàápàá. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, pé ọkọ̀ ń kọjá. Mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èsésáìsì náà, ó wá ní òun fẹ́ kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ síwájú ìwé, ṣùgbọ́n kó má ju ojú ewé kan lọ o, nítorí bébà ti wọ́n.